Pàtírọ́ọ̀n Tó Ń Bọ́ Gbogbo Arúgbó Ẹ̀jìgbò

Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ ti alága wa fún yín, ọkùnrin tó fẹ́ràn àwọn arúgbó Ẹ̀jìgbò tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ráyè wo ojú ọ̀kankan nínú wọn. Bí mo bá ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ má rò pé mo ń purọ́ mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún wa nísinsìnyí níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èyí tí kò bá sọ, ojú àwa tí a wà níbẹ̀ ló ṣe.

Àlàájì Nùrúdíìnì ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹni tó bá fi orúkọ yẹn pè é kò ní rí ìdáhùn gbà. Pàtírọ́ọ̀n là ń pè é, bí àwọn tó ti Àbíjàn dé ṣe máa ń pe ọ̀gá wọn. Ó ta aṣọ ní Àbíjàn títí irun rẹ̀ fi funfun, ó wá padà wálé, ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ojú títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí yóò máa darí. Ní Àbíjàn, ó ní àwọn ọmọṣẹ́ tó ń pariwo mọ́. Ní Ẹ̀jìgbò, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló bá nílé, ìyàwó náà kì í sì í dáhùn.

Bó ṣe di alága Ẹgbẹ́ Ìkòkò nìyẹn.

Ẹgbẹ́ Ìkòkò kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Ummuhani tó ń ta gààrí àti Rose tó ń ránṣọ ló dá a sílẹ̀ nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó. Wọ́n gbé ìkòkò ńlá kan kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé Rose. Ẹni tó ní ẹ̀wà gbé ẹ̀wà wá, ẹni tó ní epo gbé epo wá, ẹni tí kò ní nǹkan kan wá bá wọn la igi. Ummuhani ń kírun, Rose ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìkòkò kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti ń sin Ọlọ́run. Bí oúnjẹ bá jinná, wọ́n á bù ú sínú abọ́ onídèérí, wọ́n á gbé e lórí ọ̀kadà lọ bá àwọn àgbà tí agbára wọn ti tán àti àwọn ìyá tí ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, nínú ìlú àti ní àwọn abúlé tó yí wa ká.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún wọn ni kí ẹ fetí sí. Ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe rí. Àgbà tí ebi ń pa yóò sọ fún ọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Bí o bá gbé oúnjẹ dé tí o ní ìrànwọ́ rè é, yóò dúpẹ́, yóò ní kí o gbé e fún àwọn tí kò ní. Nítorí náà, Ummuhani kò pè é ní ìrànwọ́ rí. Yóò kúnlẹ̀, yóò ní wọ́n ń se nǹkan kan lọ́hùn-ún, wọn kò sì mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó, kí Bàbá jọ̀ọ́ bá àwọn tọ́ ọ wò. Bàbá yóò tọ́ ọ wò. Yóò tọ́ ọ wò títí abọ́ yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ọwọ́ nu ẹnu, tí yóò ní iyọ̀ kò tó, tàbí pé ata ti pọ̀ jù. Ummuhani yóò dúpẹ́, yóò ní àwọn yóò tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni kò ṣàánú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bàbá ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Wọn kì í sì í dárúkọ ẹni tí wọ́n gbé abọ́ lọ fún létí ẹlòmíràn, títí kan alága.

Alága pàápàá kò béèrè. Ohun tó ń béèrè ni fọ́tò.

Kí Pàtírọ́ọ̀n tó dé, ìpàdé wa kì í gùn ju ìgbà tí omi ẹ̀wà ń hó lọ. Nígbà tó dé, ẹ̀wà máa ń jóná kí a tó kí i tán. Ìsmáílà, tó fi ara rẹ̀ ṣe alukoro, yóò dìde, yóò gbọn ẹ̀wù rẹ̀, yóò ní kí gbogbo wa nàró.

“Ẹ bá mi kí òpó tó gbé òrùlé wa dúró,” bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. “Ẹ bá mi kí òjò tí kì í mú ẹnikẹ́ni ní òtútù. Bàbá àwọn aláìníbàbá, ọkọ gbogbo opó!”

Ibẹ̀ ni ìyàwó Pàtírọ́ọ̀n máa ń gbójú sókè.

A ó wá pàtẹ́wọ́. Pàtírọ́ọ̀n yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè láti dá wa dúró, ṣùgbọ́n yóò rọra máa gbé e ni, kí a má baà tètè dúró. Ó ti jẹ́wọ́ fún wa pé òun máa ń fi ọwọ́ yẹn dánra wò níwájú dígí. Ẹ má bi wá pé kí ló dé tí a fi ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀wọ̀ ni a kọ́kọ́ fi ṣe, ó wá mọ́ wa lára, nígbà tó sì yá, ẹni tí àtẹ́wọ́ rẹ̀ kò bá dún dáadáa ni àwọn tó kù ń wò bí olè. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tí wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ kan. Ó ń fi èkejì gbá itan ara rẹ̀.

Òfin tí Pàtírọ́ọ̀n kọ́kọ́ ṣe ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìkòkò àfi òun. Wọ́n á so rìbọ́nù pupa mọ́ ìdérí, yóò fi sísọ́ọ̀sì gé e, yóò ní, “Wàlá,” tí í ṣe “òun nìyẹn” lédè Faransé, Ìsmáílà yóò sì yà á ní fọ́tò. Lọ́jọ́ kan, ó lọ kí ènìyàn ní Òṣogbo, ó sì sùn síbẹ̀. Ìkòkò wà ní dídé títí ó fi dé lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe gé rìbọ́nù tí ìdérí ṣí, gbogbo wa fi ọwọ́ bo imú. Ìsmáílà ní bí ohun ńlá ṣe máa ń rùn nìyẹn. A pàtẹ́wọ́ fún un, ọwọ́ kan ní imú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí a máa lẹ àwòrán òun mọ́ inú ìdérí abọ́, kí ó lè jẹ́ pé ojú òun ni arúgbó yóò kọ́kọ́ rí kí ó tó rí oúnjẹ. Ooru ẹ̀wà kò mọ alága. Bàbá kan jẹun dé ìdajì, wọ́n bá nǹkan kan tó yi pàdé lẹ́nu, wọ́n rò pé pọ̀nmọ́ ni. Etí Pàtírọ́ọ̀n inú àwòrán ni. Wọ́n sọ fún Rose pé pọ̀nmọ́ ọjọ́ náà kò jinná.

Àsìkò yìí ni ìròyìn dé láti Àbíjàn. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún, tí wọ́n máa ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí ìkòkò, ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa. Wọ́n fẹ́ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó àwọn àgbà ní gbogbo agbègbè Ẹ̀jìgbò pátá, ẹni tí ọkàn àwọn àgbà fúnra wọn bá balẹ̀ sí. Àlàájà Àmírà, oníṣòwò ńlá kan, ni yóò ṣáájú wọn wá.

Láti ìgbà tí Pàtírọ́ọ̀n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nǹkan mìíràn kò tún wọ̀ ọ́ lórí mọ́. Òun ni ipò náà tọ́ sí. Ta ni ì bá tún tọ́ sí? Ó lọ bá akọ́wé-pátákó, ó ní kí ó kọ “Ààrẹ Olùtọ́jú Àwọn Àgbà Gbogbo Agbègbè Ẹ̀jìgbò” gàdàgbà gàdàgbà. Àyè kò tó. Ẹ̀gbẹ́ pátákó ni “Ẹ̀jìgbò” wà, ẹni tó bá fẹ́ kà á ní láti tẹ ọrùn.

Ó kù kí ó ní fọ́tò tí òun àti arúgbó jọ wà. Ó ní kí Ummuhani mú òun lọ bá ọ̀kan. Ummuhani kò fẹ́, ṣùgbọ́n alága ni alága. Ó lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ Bàbá Olújídé ní Masifa, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, tí eyín wọn ti kán ṣùgbọ́n tí ẹnu wọn ṣì mú. Bàbá ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá máa bọ̀.

Ummuhani kúnlẹ̀, ó ṣí abọ́, ó ní kí Bàbá bá àwọn tọ́ ọ wò. Pàtírọ́ọ̀n dúró sẹ́yìn wọn, ó gbé ọwọ́ lé wọn léjìká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra màlúù, ó rẹ́rìn-ín sí fóònù Ìsmáílà. Bàbá bu ṣíbí kan, wọ́n rò ó sọ́tùn-ún sósì lẹ́nu.

“Iyọ̀ rẹ̀ ò tó,” wọ́n ní. “Kò sì rí iná tó.” Wọ́n yíjú sẹ́yìn. “Ìwọ lo sè é?”

“Bàbá, èmi ni alága.”

“Alága kì í se ẹ̀wà?”

Ìsmáílà ti tẹ fóònù. Fọ́tò náà wà di òní, ẹnu Pàtírọ́ọ̀n ṣí sílẹ̀ gbàgà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi hàn wá.

Ní gbogbo ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ó ń pariwo lẹ́yìn ọ̀kadà pé ìwà àìmoore nìyí, pé òun ń bọ́ ènìyàn, ẹni náà ń bá òun sọ̀rọ̀ iyọ̀. Ummuhani ń pariwo padà láti orí ọ̀kadà tirẹ̀ pé iṣẹ́ tí àwọn bẹ àgbà níyẹn, pé bí wọn kò bá rí nǹkan kan sọ sí i, wọn kò ní lè gbà á jẹ. Pàtírọ́ọ̀n ní iṣẹ́ wo. Ó ní ẹni tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ni kí ó dúpẹ́.

Ó pe ìpàdé. Ẹ̀wà jóná bó ṣe máa ń jóná.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ sórí ìlú yìí, ta ló bọ́ àwọn arúgbó yín? Mo wo ọ̀tún, mi ò rí ẹnì kan. Mo wo òsì, mi ò rí ẹnì kan. Mo wá wo iwájú gan-an, mo rí dígí.”

Ó gba Ìsmáílà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó yé e. Lẹ́yìn náà ni a pàtẹ́wọ́.

Pàtírọ́ọ̀n wá kéde pé a kò ní gbé abọ́ lọ sílé ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn àlejò bá dé, gbogbo arúgbó aláìní yóò jáde wá sí pápá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dé fìlà tí a kọ “Pàtírọ́ọ̀n ló ń bọ́ mi” sí. Wọ́n á bọ́ sí iwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gba oúnjẹ. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ iyọ̀, kí ó máa lọ sílé. Títí di Sátidé náà, iná kò ní wọ abẹ́ ìkòkò, kí oúnjẹ lè pọ̀ níwájú àlejò.

Rose dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, alága, àwọn àgbà ò ní wá.”

“Ebi ni yóò gbé wọn wá.”

Mo rò pé ó yẹ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ nígbà náà. Gbogbo wa rò bẹ́ẹ̀. A sì ń rò ó lọ́wọ́ ni Ìsmáílà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ọwọ́ tiwa náà sì lọ bá a.

Lọ́jọ́ kejì, Ummuhani àti Rose lọ bá Pàtírọ́ọ̀n nílé. Ó mú kí wọ́n dúró nísàlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kò ní nǹkan kan tó ń ṣe lókè. Nígbà tó pè wọ́n, Ummuhani kúnlẹ̀, ó ní kí alága fi ojú àánú wò ó, nítorí pé lára àwọn tí àwọn ń gbé abọ́ lọ fún, ẹnì kan wà tí òun alága fúnra rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ayé rí ní pápá.

“Bíi ta ni?”

Ummuhani la ẹnu. Rose tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

“A kì í dárúkọ, alága,” ni Rose wí. Pàtírọ́ọ̀n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ èyí, èmi kò ní fi pa mọ́ fún yín. Ìyá arúgbó kan wà ní Ọlá, tí ojú wọn ti ń ṣú, tí ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n débi pé wọn kò lè dá iná mọ́. Ìyá Nùrú ni àwọn aládùúgbò ń pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, Nùrú yẹn náà. Ìyá tó bí Pàtírọ́ọ̀n ni. Kì í ṣe pé ọmọ wọn kò náání wọn o. Ó kọ́ ilé fún wọn. Ó ra fìríìjì tó ga jù wọ́n lọ, tí wọ́n ń kó ìró sínú rẹ̀ nítorí pé kò sí iná. Ó ra jẹnẹrétọ̀ tí ó gba gìrìpá kí ó tó lè ṣáná sí i. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń pè wọ́n lórí fóònù, tó ń ròyìn bí òun ṣe ń tọ́jú àwọn arúgbó, ìyá á máa ní Ọlọ́run á gbè é. Kò bi wọ́n rí pé kí ni ẹ jẹ. Wọn kò sì sọ fún un. Báwo ni ìyá yóò ṣe fi ebi sun ọmọ tó ń bọ́ gbogbo ìlú? Abọ́ Ummuhani ni wọ́n ń jẹ. Ọmọ wọn kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ Ọlá láti ìgbà tí a ti fi í jẹ alága, bẹ́ẹ̀ Ọlá kò jìnnà débi tí ènìyàn yóò fi sùn lọ lẹ́yìn ọ̀kadà kí ó tó dé ibẹ̀.

Pàtírọ́ọ̀n gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fi mọ́tò gbé e káàkiri. “Èmi Pàtírọ́ọ̀n ni mo ń sọ̀rọ̀,” bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ń ké. “Gbogbo arúgbó tí kò ní, gbogbo ẹni tí ebi ń pa, ẹ jáde sí mi.” Ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, bàbá kan tó jókòó síta dìde wọlé kí mọ́tò má baà rí i. Ìyá kan ní kí wọ́n rọra pariwo, òun ń jẹun, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ní Masifa, Bàbá Olújídé dá awakọ̀ dúró, wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n ní bí àwọn bá rí aláìní kankan ládùúgbò, àwọn yóò jíṣẹ́ fún un. Wọ́n wá padà sórí àga wọn, wọ́n sì so okùn ṣòkòtò le sí i.

Ní Ọlá, Ìyá Nùrú kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, etí wọn kò gbé e dé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n dá ohùn náà mọ̀.

“Ohùn Nùrú nìyẹn,” wọ́n sọ fún Kàdíjà, ọmọbìnrin tó ń gbé ní ojúlé kejì. “Kí ló ń sọ?”

Kàdíjà rò ó díẹ̀. “Ó ń pe àwọn àgbà sí pápá ní Ẹ̀jìgbò lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá.”

“Èmi náà ńkọ́, ṣé ọmọdé ni mí?”

Wọ́n yọ ìró tó dára jù lọ jáde nínú fìríìjì.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta kánópì sí pápá, wọ́n to àga àwọn arúgbó sí iwájú, fìlà kọ̀ọ̀kan lórí àga kọ̀ọ̀kan. Rìbọ́nù ìkòkò gùn débi pé ó ń wọ́lẹ̀. Àlàájà Àmírà àti àwọn tó bá a wá láti Àbíjàn jókòó, wọ́n ń fi ìwé fẹ́ra. Bọ́ọ̀sì ti lọ yípo Masifa, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti Ọlá láti kó àwọn arúgbó wá. Àga wọn ṣì ṣófo. Àwọn tó wà nínú ìlú, tí wọn kò nílò bọ́ọ̀sì, kò yọjú.

Pàtírọ́ọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ìgbà èwe rẹ̀. Ó sọ ti ojú ọ̀nà Àbíjàn, ó dé ibodè, ó tún padà sí ìgbà èwe rẹ̀. Ó ní ogunlọ́gọ̀ àwọn arúgbó ń bọ̀, pé ìfẹ́ tí wọ́n ní sí òun ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè dé, wọ́n ń wẹ̀ ni. Ìsmáílà rí i pé nǹkan ti ń bàjẹ́, ó fa Lùkmọ́nù tó ń tún ọ̀kadà ṣe jáde nínú wa, nítorí pé irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní funfun díẹ̀, ó dé fìlà fún un, ó ní kí ó tẹ̀yìn, kí ó jókòó síwájú. Lùkmọ́nù tẹ̀yìn. Àlàájà Àmírà bi í léèrè bí ara ti rí, ó sì bi í bóyá ó ní ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀.

“Àlàájà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ níjẹta ni,” ni Lùkmọ́nù dáhùn. Ó gbàgbé pé òun tẹ̀yìn, ó sì nàró láti kí wọn dáadáa.

Ọpẹ́lọpẹ́ bọ́ọ̀sì tó fọn fèrè. Ojú Pàtírọ́ọ̀n mọ́lẹ̀.

“Wàlá,” ó ké sínú ẹ̀rọ. “Àwọn ọmọ mi ti dé.”

Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ṣí. Kàdíjà bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì fa ìyá arúgbó kan sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. A ń retí àwọn tó kù. Awakọ̀ ti ilẹ̀kùn.

Ìsmáílà ti sáré dé fìlà lé ìyá náà lórí gèlè. Oòrùn wà lójú Pàtírọ́ọ̀n, fìlà náà sì bo ojú ìyá. Ohun tó rí ni arúgbó kan, ọ̀kan náà sì ti tó fún un lọ́jọ́ yẹn. Ó na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí wọn.

“Ẹ má bẹ̀rù, ìyá aláìní. Ẹ sọ fún gbogbo ayé. Ta ló ń bọ́ yín?”

Ìyá náà ronú sí i.

“Ummuhani ni,” wọ́n ní. Ẹ̀rọ gbé e dé ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́hùn-ún. “Kì í ṣe pé ó ń bọ́ mi náà. Ó máa ń gbé nǹkan wá kí n bá a tọ́ ọ wò ni. Wọn ò wá lọ́sẹ̀ yìí.” Wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Ìwọ ńkọ́, Nùrú? O ti rù. Ṣé o ń jẹun?”

Pàtírọ́ọ̀n ní ní ìṣẹ́jú yẹn, ilẹ̀ tí òun dúró lé, òun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ní gbogbo èdè tó wà lórí òun, Yorùbá, Faransé, kéú, ló kó ẹrù rẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ.

“Ta ni ìyá yìí jẹ́ sí yín?” Àlàájà Àmírà bi í.

“Èmi ni mo bí i,” ni Ìyá wí sínú ẹ̀rọ. “Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú mọ́tò, mo ní kí n wá wò ó. Ó pẹ́ tí mo ti rí i.”

Àtẹ́wọ́ ti mọ́ Ìsmáílà lára, ó lu ọwọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó rí i pé ẹnikẹ́ni kò bá a lù ú, ó ṣe bí ẹni pé ẹ̀fọn ló ń pa.

Àlàájà Àmírà kò bínú. Pàtírọ́ọ̀n ní ìyẹn ló dun òun jù, ó ní ì bá sàn kó bú òun. Àlàájà dìde, ó ṣí fìlà kúrò lórí Ìyá, ó ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó ká a, ó sì fi í sínú àpò rẹ̀. Ó bi Ummuhani pé àwọn tó kù tí kò wá, ṣé ó mọ ilé wọn. Ummuhani ní òun mọ̀ ọ́n. Àlàájà ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ lọ bá wọn nígbà náà, kí ó tó tutù. Rose fa rìbọ́nù yẹn já, àwa tí a ń pàtẹ́wọ́ láti àárọ̀ sì wá rí nǹkan gidi fi ọwọ́ ṣe: a ń bu oúnjẹ, a ń de abọ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ní ti ipò ààrẹ, àwọn àlejò ní àwọn kò yan ààrẹ kankan mọ́. Ẹ̀yìnkùlé Rose ni ìrẹsì yóò máa wá tààrà, alága kankan kò sì ní wà láàárín. Pátákó gàdàgbà yẹn ni Rose fi ń dá afẹ́fẹ́ dúró níbi tó ti ń dáná.

Pàtírọ́ọ̀n ti ara rẹ̀ mọ́lé. Kí ó tó jáde, Ìsmáílà ti ń pe Rose ní òpó tó gbé òrùlé dúró. Rose fún un ní korobá, ó ní kó lọ pọnmi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Pàtírọ́ọ̀n wọ ẹ̀yìnkùlé náà. Àwọn kan nínú wa ti fẹ́ nàró kí a tó rántí. Ó dúró síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa bá wọn gbé abọ́. Rose wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé orúnkún rẹ̀ lè kúnlẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀, ó ti pẹ́ tí òun ti dán an wò. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀wà lé e lọ́wọ́ kó máa ṣà. Kò mọ̀ ọ́n ṣà, òkúta ló ń fi sílẹ̀ tó ń da ẹ̀wà nù. Ọwọ́ rẹ̀ ti wá dá ṣáṣá báyìí. Nígbà tó yá, Ummuhani fún un ní abọ́ kan, ó ní Ọlá ni.

Kàdíjà ló rí bó ṣe kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, ṣùgbọ́n ó gbàgbé.

“Gbé e síbẹ̀,” ni Ìyá wí. “Jókòó.”

Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kékeré. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń bímọ láyé, kò sí ọmọ tó ṣẹ ìyá rẹ̀ tó báyìí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ kúnlẹ̀ ó sọ ọ́ dìde, ó fi Faransé díẹ̀ sí i. Ó pa á dé dáadáa, ó sì dúró.

Ìyá ti sùn lọ lórí àga.

Ó jókòó síbẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé e wá pè é títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Oòrùn kúrò lójú ilẹ̀kùn. Nígbà tó pẹ́, Ìyá la ojú, wọ́n tẹjú mọ́ òjìji tó wà níwájú wọn.

“O ṣì wà níbí?”

“Mo ṣì wà níbí, Ìyá.”

“Ó dáa,” wọ́n ní, wọ́n sì padà sùn.